Ǹjẹ́ yógà àti àṣàrò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè bá àdúrà Kristẹni lọ?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn ń dùn mí, n kì í sì í rí oorun sùn dáadáa. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní kí n máa na ara, kí n sì kọ́ bí a ṣe ń mí kanlẹ̀. Ó fi kún un pé kíláàsì yógà yóò wúlò fún mi. Ní àkókò yìí kan náà, àwọn kan nínú ìjọ wa ti dá ẹgbẹ́ àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀. Wọn a máa jókòó fún ìṣẹ́jú 20 láìsọ̀rọ̀, kálukú a sì di ọ̀rọ̀ mímọ́ kan ṣoṣo mú nínú ọkàn rẹ̀. Alàgbà kan sọ fún mi pé ilẹ̀kùn fún ẹ̀mí àjèjì ni méjèèjì. Alàgbà mìíràn ní eré ìdárayá ni ti àkọ́kọ́, àdúrà àtijọ́ sì ni èkejì. Ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ni àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an fún mi, àti bí Kristẹni ṣe lè mọ ibi tó yẹ kí òun dúró.

Ẹni Tó Kọ́ Yógà

Ẹ kú ìbéèrè. Ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ yógà kí n tó gba Jésù gbọ́, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ ni n ó sọ. Ohun méjì tó jìnnà síra wọn ni àwọn ènìyàn ń pè ní yógà lónìí. Ọ̀kan ni ti àtijọ́, èyí tí ìwé Yoga Sutra tí wọ́n ń pè ní ti Patanjali tò sí ìpele mẹ́jọ, láti orí ìkóra-ẹni-níjàánu nínú ìwà, dé orí ìjókòó, ìkóso èémí, ìtẹjúmọ́ ọkàn àti àṣàrò, títí dé ìpele ìkẹyìn, níbi tí ọkàn ti rì wọnú ohun tó ń ṣàṣàrò lé lórí pátápátá. Ọ̀rọ̀ tí ìwé náà sọ nípa títẹ ara kò tó nǹkan: ó ní kí ìjókòó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó sì rọrùn. Ohun tó ń lépa ni kí ìrúkèrúdò inú ọkàn dáwọ́ dúró.

Èkejì ni èyí tí ẹ ó bá pàdé ní kíláàsì, ọ̀rúndún tó kọjá ló sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tirumalai Krishnamacharya kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ààfin Mysore ní Íńdíà ní àwọn ọdún 1930, B.K.S. Iyengar tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó mú un dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn òpìtàn kan gbà pé eré ìdárayá àwọn ará Yúróòpù náà bá a pòpọ̀ ní àkókò yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní gbogbo ìdúró inú yógà ni ìsìn òrìṣà sọ kọjá ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kò sí ẹ̀sìn kankan níbẹ̀ kò tíì tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń wí. Nínú ìrírí mi, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ẹ̀sìn máa ń gbà wọlé ju ara títẹ̀ lọ. Ẹ wo ọ̀wọ́ ìdúró méjìlá tí wọ́n ń pè ní surya namaskar, èyí tí í ṣe ìkíni fún oòrùn. Nínú kíláàsì kan, olùkọ́ á kàn máa ka iye: ẹ gbé apá sókè, ẹ tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé àyà sókè. Nínú òmíràn, bí ẹ ti ń tẹ̀ náà ni ẹ ó máa pe orúkọ Surya, òrìṣà oòrùn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ìdúró méjèèjìlá yóò fi pé. Iṣan kan náà ló nà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣe ní kíláàsì kejì kì í ṣe ohun tí ẹ ṣe ní ti àkọ́kọ́. Bákan náà ni ìró Om: ìwé Patanjali fúnra rẹ̀ sọ pé ìró tó dúró fún Ishvara, Olúwa inú ẹ̀kọ́ yẹn, ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìró lásán ni kò sọ òtítọ́ fún yín tán.

Olùṣọ́ Ìjọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣàlàyé yìí, nítorí ó sọ̀rọ̀ bí olóòótọ́. Àlàyé rẹ̀ gan-an ló sì mú kí n wí pé kí ẹ fi kíláàsì náà sílẹ̀. Èmi nìkan kọ́ ni mo rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti ilẹ̀ Gíríìsì kéde pé yógà kò bá ìgbàgbọ́ Kristẹni mu rárá. Ní ọdún 2010, Albert Mohler, olórí ilé ẹ̀kọ́ ìwàásù àwọn Onítẹ̀bọmi kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kò yẹ kí Kristẹni máa ṣe é. Ẹ sì gbọ́ ti àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù pẹ̀lú: ó ń dun àwọn kan nínú wọn pé wọ́n ń bọ́ ẹ̀sìn wọn kúrò lára yógà kí ó lè tà lọ́jà. Bí ẹni tó ni nǹkan bá wí pé ìsìn òun ni, n kò mọ ohun tí n ó gbára lé láti bá a jiyàn.

Ẹ ṣọ́ra pàápàá fún àwọn tó ń wí pé sáyẹ́ǹsì lásán ni tiwọn. Ní ọdún 1979, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ẹ̀kọ́ Transcendental Meditation, irú àṣàrò kan tí ènìyàn ti ń tún ọ̀rọ̀ kan wí nínú ọkàn, tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní New Jersey jẹ́ ti ẹ̀sìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń kọ́ni ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ọ̀rọ̀ tí yóò máa tún wí, yóò mú èso, òdòdó àti áńkáṣíìfù funfun wá, yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá ń kọrin ní èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, tó sì ń rúbọ níwájú àwòrán Guru Dev, olùkọ́ ẹni tó dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan, síbẹ̀ ní 1 Kọ́ríńtì orí 10, ó ní kí àwọn ará sá fún ìbọ̀rìṣà, pé ẹnì kan kò lè jẹun lórí tábìlì Olúwa kó tún lọ jẹ níbi tábìlì ẹ̀mí èṣù.

Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Mo fẹ́ dá sí apá ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti wọlẹ̀ jù.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1989, ọ́fíìsì tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Vatican, tí Kádínà Joseph Ratzinger ń darí kó tó di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún, kọ lẹ́tà sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó dárúkọ Zen, ìyẹn àṣàrò àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan, Transcendental Meditation àti yógà. Ìdajì lẹ́tà náà ni àwọn tó fẹ́ràn yógà máa ń tọ́ka sí, ìdajì kejì sì ni àwọn tó kórìíra rẹ̀ ń gbé káàkiri. Lẹ́tà náà kò wí pé kí a da ohun kan nù kìkì nítorí pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ Kristẹni ló ti wá. Ó gbà pé a lè mú ohun tó wúlò níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sọ ohun tí àdúrà Kristẹni jẹ́ nù. Ohun tí àdúrà yìí jẹ́ ni ìjíròrò láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, níbi tí olúkúlùkù ti wà lómìnira. Kò sí ọ̀nà ìjókòó tàbí ọ̀nà ìmí tó lè fipá mú Ọlọ́run wá.

Apá kan wà nínú rẹ̀ tí n kì í gbàgbé. Ó ní àwọn ìdárayá kan máa ń mú ìfọ̀kànbalẹ̀ wá fúnra wọn, nígbà mìíràn ènìyàn tilẹ̀ lè rí bí ìmọ́lẹ̀ tàbí kí ara rẹ̀ móoru, ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá ni kí a pe èyí ní ìtùnú Ẹ̀mí Mímọ́, pàápàá bí ìwà ẹni náà kò bá bá ohun tó ń wí pé òun ń rí mu. Mo ti rí àwọn tó jáde kúrò níbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ojú tó ń dán, tí wọ́n sì bá ará ilé wọn jà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ara wọn balẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run bá wọn sọ̀rọ̀.

Àdúrà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe àjèjì nínú ìjọ. John Cassian, tó gbé lọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì inú aṣálẹ̀ Íjíbítì ní ìparí ọ̀rúndún kẹrin, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ kìíní Sáàmù 70, níbi tí onísáàmù ti ń bẹ Ọlọ́run kó yára wá gba òun, ni wọ́n ń dì mú nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Ignatius ti Loyola náà, nínú ìwé ìdárayá ẹ̀mí rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1548, kọ́ni ní ọ̀nà kan tí mo ṣì ń lò. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ kúnlẹ̀. Bí ẹ ti mí, ẹ wí nínú ọkàn pé “Baba”. Kí èémí mìíràn tó dé, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ ro ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, tàbí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, tàbí bí ẹ ti kéré tó níwájú ẹni tí ẹ ń pè. Nígbà tí èémí kejì bá dé, ẹ wí pé “wa”. Báyìí ni ẹ ó ṣe ṣe é títí Àdúrà Olúwa yóò fi parí. Ẹ ó rí i pé èémí wà níbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà níbẹ̀, Bàbá tí à ń bá sọ̀rọ̀ náà sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹgbẹ́ tí olùbéèrè ṣàpèjúwe jọ ohun tí wọ́n ń pè ní Centering Prayer. Àwọn mọ́ńkì mẹ́ta ní ilé ìsìn kan ní Spencer, Massachusetts, William Meninger, Basil Pennington àti Thomas Keating, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Wọn kì í tún ọ̀rọ̀ náà wí láìdáwọ́ dúró. Ìgbà tí èrò bá gbé ọkàn lọ ni wọ́n ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn tó jọ ọ́ ni ti John Main, mọ́ńkì ọmọ ẹgbẹ́ Benedict. N kò ní fi í pamọ́ pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ Híńdù kan ní Màláyà ni òun ti kọ́kọ́ kọ́ àṣàrò, kó tó di mọ́ńkì, kó sì tó wá rí ohun tó jọ ọ́ nínú ìwé Cassian. Ọ̀rọ̀ “Maranatha”, tó túmọ̀ sí “Olúwa, máa bọ̀”, ló ń kọ́ àwọn ènìyàn láti máa wí. Àwọn Kátólíìkì tó ń bẹ̀rù àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì yìí wà, àwọn tí wọ́n sì ti ràn lọ́wọ́ púpọ̀.

Olùtọ́jú Iṣan àti Eegun

Ti ara ni mo fẹ́ sọ, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí a bá ń mí díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan, ìlù ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń bá èémí náà rìn, ara a sì balẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2001, tí wọ́n fi àwọn ènìyàn 23 tí ara wọn le ṣe. Nígbà tí wọ́n ka àdúrà “Ave Maria” ti rósárì ní èdè Látìn, èémí wọn lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan, “om mani padme hum”, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ara kò mọ ẹni tí à ń pè. Ọkàn ẹni tó ń pè é ló mọ̀.

Ní ti ẹ̀yìn yín, ẹ má ṣe rò pé yógà nìkan ló lè wò ó. Gbogbo ìnara tó wúlò fún ẹ̀yìn ni olùtọ́jú iṣan lè kọ́ yín láìsí orúkọ yógà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì lọ sí kíláàsì, ẹni tó bá ní àìsàn ojú glaucoma kò gbọdọ̀ máa dorí kodò, nítorí ó ń mú kí agbára inú ẹyinjú ga sí i. Ẹni tí ohun burúkú bá ṣẹlẹ̀ sí rí náà lè rí i pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gígùn ń mú ẹ̀rù àti àyà jíjá padà wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó la ojú rẹ̀, kí ó dìde, kí ó sì sọ fún dókítà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun kan ṣì kù tó ń dà mí láàmú. Alàgbà àkọ́kọ́ fi Mátíù 12 kọ́ mi, níbi tí ẹ̀mí àìmọ́ ti padà dé, tó bá ilé náà lófìfo, tí a ti gbá a mọ́. Ó ní bí mo bá sọ ọkàn mi di òfìfo nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ohun tí mo ń pè wá nìyẹn. Kí ni n ó dá a lóhùn?

Ìyá Àdúrà

Ọmọ mi, òótọ́ ni alàgbà yín sọ nípa ilé òfìfo. Ohun tí ẹ ó bi í ni bóyá dídákẹ́ àti ṣíṣófo jẹ́ ohun kan náà. Hánà dákẹ́ nínú tẹ́ḿpìlì; ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀, àlùfáà Élì sì rò pé ó ti mutí yó. Ọkàn rẹ̀ kò ṣófo rárá, ó kún títí dé etí. Èlíjà dákẹ́ lórí òkè títí ohùn kẹ́lẹ́ náà fi dé. Onísáàmù ní ọkàn òun dúró jẹ́ẹ́ de Ọlọ́run, ẹni tó bá sì ń dúró de ẹnì kan kò ṣófo, torí ó ti fi àyè náà pa mọ́ de ẹni tó ń bọ̀. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn Quaker, ẹgbẹ́ Kristẹni kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń jókòó pọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí Ẹ̀mí tó mú ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Teresa ti Avila, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì kan ní Sípéènì, tó gbé ayé láti 1515 sí 1582, tó sì mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ju ọ̀pọ̀ wa lọ, kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fipá dá èrò inú rẹ̀ dúró bí Ọlọ́run kò bá tíì fà á wọ ibẹ̀. Ó ní wàhálà tí ènìyàn ń ṣe kó má baà ronú ni yóò tún ru èrò sókè. Nítorí náà, bí olórí ẹgbẹ́ yín bá ń wí pé kí ẹ má ronú ohunkóhun, kí ẹ má tilẹ̀ ro Jésù, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ kí ó dé sí àyè náà. Bí ó bá sì ń wí pé kí ẹ padà sọ́dọ̀ orúkọ Olúwa nígbàkigbà tí ọkàn bá ti rìn lọ, ìyẹn ni àdúrà.

Olùṣọ́ Ìjọ, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ bá yín sọ̀rọ̀ kan lórí Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tí ẹ dárúkọ. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, Barlaam, ọ̀mọ̀wé kan láti Calabria, fi àwọn mọ́ńkì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Òkè Athos ní Gíríìsì ṣe ẹ̀sín nítorí pé wọ́n ń tẹ orí wọn sí àyà, tí wọ́n sì ń mú èémí wọn bá “Olúwa Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run, ṣàánú fún mi” rìn. Ó ní ìdodo ni ẹ̀mí wọn wà. Gregory Palamas, tí òun náà jẹ́ mọ́ńkì níbẹ̀, gbèjà wọn: ó ní tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara, pé ìjókòó àti èémí sì lè ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ kí ọkàn rẹ̀ má baà fọ́n ká. Àpérò ìjọ ní Constantinople ní ọdún 1341 dúró tì í. Ìdílé ìjọ tó kọ yógà ní 2020 ṣì ń gba àdúrà Jésù yìí pẹ̀lú èémí dòní. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ẹni tí à ń pè ni ìbẹ̀rù wọn dá lé.

Olùṣọ́ Ìjọ

Ìyá wa, mo gbọ́, mo sì gbà pẹ̀lú yín lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. N kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti jókòó níwájú Olúwa. Lórí kíláàsì yógà, ibi tí mo wà ni mo ṣì wà, pàápàá nítorí àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò le. Nínú ìjọ, a máa ń ní àwọn tó ti inú ẹ̀sìn mìíràn jáde pẹ̀lú omijé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí wa níbi tí wọ́n ti ń pe Om, ohun tí òun ti fi sílẹ̀ lè tún fà á padà. Pọ́ọ̀lù yẹra fún ẹran tí òun lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Dókítà ní kí olùbéèrè na ara, olùtọ́jú iṣan sì ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Kí ló dé tí a ó fi yan èyí tó ń dá ìyọnu sílẹ̀?

Ẹni Tó Kọ́ Yógà

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́ Ìjọ wúwo, olùbéèrè, bí ọkàn yín bá sì ń kọ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Róòmù 14 ní ohun tí a bá ṣe láìní ìgbàgbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ wo kíláàsì náà, ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san owó. Ẹ bi í bóyá wọ́n ń pe Om tàbí orúkọ òrìṣà kankan, bóyá ère tàbí àwòrán gúrù wà nínú yàrá tí wọ́n ń tẹrí ba fún, bóyá ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ọlọ́run inú ara ẹni, àti bóyá ẹ lè dákẹ́ ní apá tí ẹ kò bá fara mọ́. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ fún yín ní tààrà pé ìdárayá nìkan ni àwọn ń kọ́. Bí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, tàbí bí ó bá ní ẹ ó lóye rẹ̀ tó bá yá, ẹ kúrò níbẹ̀. Ní ti “namaste” tí wọ́n ń wí ní ìparí pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa pọ̀, ìkíni ojoojúmọ́ ni ní Íńdíà, àwọn Kristẹni ibẹ̀ pàápàá ń lò ó. Àmọ́ bí olùkọ́ bá ṣàlàyé pé ọlọ́run inú òun ló ń kí ọlọ́run inú yín, ẹ lè kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Àdúrà

Kí ẹ tó lọ, ọmọ mi, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn alàgbà méjèèjì. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé ṣé yógà dára, torí pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ní lọ́kàn tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yẹn. Ẹ kọ ohun tí olùkọ́ bá sọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè, ohun tí wọ́n ń tẹrí ba fún, àti ohun tí ẹgbẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń dì mú lọ́kàn, kí ẹ sì kà á fún àwọn méjèèjì níjokòó kan náà. Bí ẹ bá sì ti gbọ́ èsì wọn, ẹ kọ ọ́ sí ibí yìí, nítorí ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń bi irú ìbéèrè yìí.